Bí A Ó Ṣe Ṣàlàyé Lupus fún Ará Ìlú Láìdá Ìjà Sílẹ̀ Nínú Ilé

Ìbéèrè: Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọdún mẹ́ta gbáko ni a fi gbé àbúrò mi obìnrin kiri kí a tó mọ̀ pé lupus ni ó ń ṣe é. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Nígbà tí a ṣì ń wá ojútùú, ìyá wa àti ìyàwó bàbá wa kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, nítorí àwọn kan ní ìyàwó bàbá wa ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa, àwọn ìyá ọlọ́jà àti àwọn òbí ọmọ ilé ìwé mi mọ̀ nípa àìsàn yìí ní oṣù Karùn-ún, ṣùgbọ́n n kò mọ ọ̀rọ̀ tí mo lè fi ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá. Kí ni kí n sọ, kí ni kí n má sọ? Alága ẹgbẹ́ wa sì ní kí n mú àbúrò mi jáde síwájú ìjọ kí wọ́n lè fi ojú rí i. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Arábìnrin mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ìtọ́jú àbúrò yín, ẹ sì kú ìnáwó àti ìrìn àjò ọdún mẹ́ta. Ẹ kàn mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ìyá yín àti ìyàwó bàbá yín lásán ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí lójú tèmi, òun ni gbòǹgbò ìbéèrè yín. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tọ́jú àwọn tí irú àìsàn yìí ń ṣe, ilé tó sì dé ọ̀dọ̀ wa láìtíì ní orúkọ ẹnì kan nílẹ̀ kò pọ̀. Àìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀, tó mú orúnkún lónìí tó mú ojú lọ́la, tí àyẹ̀wò ibà kò rí, tí àyẹ̀wò ìtọ̀ ṣúgà kò rí, kò sí bí ará ilé kò ṣe ní béèrè pé ta ló ṣe é. Ìpolongo tí kò bá lè gba ìbéèrè yẹn lẹ́nu àwọn ènìyàn, kí ó sì fi ìdáhùn gidi sí ipò rẹ̀, ariwo lásán ni, bó ti wù kí aṣọ tí wọ́n dá fún un dára tó.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara nìyí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mọ àjèjì yàtọ̀ sí onílé: kòkòrò àrùn tó bá wọlé, wọ́n á dà bò ó, wọ́n á sì pa á. Nínú lupus, àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ṣi onílé mú fún àjèjì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá awọ ara, oríkèé, kíndìnrín, ẹ̀jẹ̀, àti awọ fẹ́lẹ́ tó bo ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn jà. Irú àìsàn tí ara ti ń bá ara rẹ̀ jà báyìí lé ní ọgọ́rin. Ọ̀kan wà tó ń ba oríkèé jẹ́ títí ìka ọwọ́ yóò fi wọ́. Òmíràn ń pa ibi tí ínsúlínì ti ń jáde lára ọmọdé, tí ọmọ náà yóò fi di alátọ̀gbẹ. Òmíràn ń mú kí awọ ara funfun ní abala abala. Ẹ má ṣe kó gbogbo wọn dé iwájú àwọn ènìyàn lọ́jọ́ kan. Lupus ni kí ẹ dúró lé, nítorí ẹni tó bá lóye ọ̀kan yékéyéké, kò ní ṣòro fún un láti lóye ìyókù nígbà tó bá bá wọn pàdé.

Nígbà tí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ tí ẹ ó fi ṣàlàyé rẹ̀, èyí tó máa kọ́kọ́ wá sí yín lẹ́nu ni òwe tó ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, tàbí èyí tó ní bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lò wọ́n. Èmi náà lò ó rí ní ìpàdé àwọn ìyá kan, inú mi sì dùn pé mo ti rí òwe tó bá ọ̀rọ̀ náà mu wẹ́kú. Bí mo ti sọ ọ́ tán, ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó níwájú tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, ó mi orí, ó ní, "Dókítà, ẹ ṣeun. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún wọn pé ará ilé ni." Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Òwe kò ṣẹ̀, èmi ni mo gbàgbé pé ilé tí òwe yẹn ń sọ létí Yorùbá kì í ṣe ara ènìyàn. Ilé baba ẹni ni, ọ̀tá inú rẹ̀ sì ní ojú, ó ní orúkọ. Ìyókù ìpàdé ọjọ́ náà, gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ni mo fi ń tún ṣe, n kò sì rò pé mo tún un ṣe tán kí wọ́n tó fi àdúrà parí.

Àfiwé tí mo ń lò láti ìgbà náà ni ti ọlọ́dẹ àdúgbò. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: ó ní tọ́ọ̀ṣì, ó ní ṣakabùlà, ó sì ń fọn fèrè lóru. Ní òru ọjọ́ kan, onílé ń ti ìrìn àjò bọ̀, ọlọ́dẹ rí òjìji rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó pè é ní olè, ó sì lù ú. Kò sí ẹni tó rán an sí i. Kò bá onílé ṣọ̀tá. Ó ṣì í mọ̀ ni. Àfiwé yìí wúlò nítorí pé ó lè gbé àwọn ìbéèrè tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí wọ́n bá béèrè pé kí ló dé tí ẹ kò pa àwọn sẹ́ẹ̀lì náà dànù, ẹ ó ní kò sí ẹni tó ń lé ọlọ́dẹ kúrò ládùúgbò tí olè gidi ṣì wà. Ìbọn ọwọ́ rẹ̀ ni a óò gbà, a ó sì fi kùmọ̀ lé e lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn lupus ṣe ń ṣiṣẹ́: ó ń dín agbára àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kù, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tó ń lò ó kò gbọ́dọ̀ fi ibà sùn ilé di ọjọ́ kejì. Bí wọ́n bá béèrè bóyá ó ń ràn, ẹ ó ní àṣìmọ̀ ọlọ́dẹ ilé yìí kò kan ilé kejì. Àwọn kan fẹ́ràn àfiwé ajá tó bu olówó rẹ̀ jẹ. Èmi kò fẹ́ ẹ, nítorí dìgbòlugi ni ọkàn ènìyàn máa lọ sí, ohun tí à ń ṣe sí ajá dìgbòlugi kò sì pé méjì.

Ọ̀rọ̀ méjì mìíràn tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ìṣọ́ra lò. Àkọ́kọ́ ni "àjẹsára". Nínú ìwé, ó lè túmọ̀ sí ààbò tí ara ní fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n létí ìyá ọlọ́jà, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún ọmọ ọwọ́ ni. Bí ẹ bá ní àjẹsára àbúrò yín ló ń bá a jà, abẹ́rẹ́ ni wọn yóò gbọ́, kò sì ní pẹ́ tí ìyá ọmọ kan yóò fi ní kí wọ́n má gún ọmọ òun mọ́. Èkejì ni "ọmọ ogun ara". Ọ̀rọ̀ yìí dára, ṣùgbọ́n àwọn tó ti gbọ́ ìpolongo éèdì lórí rédíò fún ọ̀pọ̀ ọdún ti mọ ìtàn kan nípa àwọn ọmọ ogun yẹn, òun náà ni wọn yóò sì rò pé ẹ tún ń sọ. Nítorí náà, ẹ là á mọ́lẹ̀ ní gbangba, kí ẹ má retí kí ẹnikẹ́ni béèrè, nítorí ojú kò ní jẹ́ kí wọ́n béèrè: nínú éèdì, kòkòrò kan ló wọlé tó ń pa àwọn ọmọ ogun; nínú lupus, kò sí kòkòrò kankan, àwọn ọmọ ogun wà níbẹ̀ digbí, iṣẹ́ àṣejù ni wọ́n ń ṣe. Lupus kì í ràn nípa jíjẹun pọ̀, ìbálòpọ̀, lílo ìyarí kan náà tàbí sísùn lórí ibùsùn kan náà. Kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ.

Ní ti orúkọ náà fúnra rẹ̀, ìkookò ni lupus túmọ̀ sí lédè Látìn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má túmọ̀ rẹ̀. Ìkookò kò ní ohun rere tó máa ṣe ní ìpàdé yín. Lupus ni kí ẹ máa pè é, bí a ti ń pe táífọ́ọ̀dù ní táífọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹnì kan yóò dìde láti sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Ẹ má bínú sí i, nítorí àwa oníṣègùn la kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, Ìbàdàn níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà sì ti jáde. Ní 1968, Brian Greenwood, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní UCH, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ òyìnbó tó wà ní Ìbàdàn, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn aláìsàn tó lé ní 98,000 tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn náà láàárín ọdún mẹ́wàá. Àwọn tí ara wọn ń bá ara rẹ̀ jà nínú gbogbo wọn kò ju 104 lọ, lupus sì jẹ́ méjì péré. Ó dábàá pé ó lè jẹ́ pé àwọn kòkòrò bíi ti ibà, tó ń bá wa gbé láti kékeré, ló ń dí àwọn sẹ́ẹ̀lì ààbò wa lọ́wọ́ tí wọn kò fi rí àyè bá ara jà. Nígbà tó di 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí a bá kó ibà eku ran àwọn eku kan tí wọ́n máa ń ní àìsàn bíi lupus láti ìran wọn, àìsàn náà kì í le lára wọn mọ́. Iṣẹ́ tó wúni lórí ni, ó sì ṣeé ṣe kí òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò dé ilé ìwòsàn kò lè sí nínú ìwé ilé ìwòsàn, ẹni tó dé ibẹ̀ tí dókítà kò ronú kan lupus kò lè jáde pẹ̀lú orúkọ náà. Ní 2009, Femi Adelowo àti Oguntona, àwọn onímọ̀ nípa àìsàn oríkèé, tẹ ìròyìn nípa àwọn aláìsàn lupus 66 jáde ní Nàìjíríà níhìn-ín. Ní Amẹ́ríkà, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ló ń ní in jù, ó tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti àwọn òyìnbó. Àìsàn òyìnbó wo ló ń fi òyìnbó sílẹ̀ báyìí?

Bí ẹ bá fẹ́ ojú kan tí àwọn ọ̀dọ́ yóò mọ̀, ẹ fi àwòrán olórin tí gbogbo ayé ń pè ní Seal hàn wọ́n. Ìlú London ni wọ́n bí i sí ní 1963, Olúṣẹ́gun, Olúmídé àti Adéọlá sì wà lára orúkọ rẹ̀. Àpá wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, àwọn kan sì ti rò pé ilà ni wọ́n kọ fún un nítorí pé ọmọ Yorùbá ni. Kì í ṣe ilà. Lupus awọ ara, irú èyí tó ń fi àpá sílẹ̀, ló ṣe é nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ ọ́ ní gbangba.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ibi àmì àìsàn náà, èyí tó yẹ kó gba àkókò yín jù. Obìnrin ni mẹ́sàn-án nínú ẹni mẹ́wàá tó ń ní lupus, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí márùnlélógójì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yọ ọkùnrin àti ọmọdé sílẹ̀. Àwòrán tó wà nínú ìwé tí a fi kọ́ àwa gan-an, ojú òyìnbó ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ pupa tó dà bí labalábá tó na apá. Lára wa, pupa yẹn kì í sábà hàn. Ohun tí ẹ ó rí ni ojú tó ṣú láti orí imú dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, nígbà mìíràn tó ní àwọ̀ elésè àlùkò, bí ẹni tí èéfín ìdáná ti ń fẹ́ sí lójú fún ọjọ́ pípẹ́. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé ilà tó ti ẹ̀gbẹ́ imú sọ̀ kalẹ̀ sí igun ẹnu mọ́, kò ṣú bíi tòkè rẹ̀. Bí ó bá fi lè dúró sínú oòrùn ọjà fún wákàtí méjì, yóò le sí i. Àwọn aládùúgbò yóò ní ó ń bóra ni, ìpara ló bu ú lójú. Nígbà tí òun náà yóò sì fi ra ìpara láti fi wò ó, ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò ṣèèṣì ra èyí tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dù nínú, tí ojú náà yóò kọ́kọ́ dán, tí yóò sì tún padà burú.

Bí aláìsàn bá jókòó síwájú mi, etí rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, kòtò tó wà níwájú ihò etí gan-an. Bí mo bá rí ojú egbò róbótó tó dúdú létí tó funfun láàárín níbẹ̀, mo máa ń ronú kan lupus, nítorí làpálàpá kì í sábà lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo ní kó yanu, mo sì tan iná sí àjà ẹnu rẹ̀, nítorí egbò lupus máa ń wà níbẹ̀ láìdun ènìyàn, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í mọ̀. N kì í béèrè pé ṣé oríkèé ń dùn ọ́, nítorí ta ni oríkèé kì í dùn ní ilẹ̀ yìí? Mo máa ń béèrè pé ṣé ó ṣì lè ro àmàlà. Mo máa ń béèrè bóyá ó lè fún aṣọ tó fọ̀ láàárọ̀, bóyá ó lè wé gèlè fúnra rẹ̀ kí agogo mẹ́sàn-án tó lù. Obìnrin tí ìka rẹ̀ máa ń le gan-in fún bíi wákàtí kan lójoojúmọ́ kó tó ká kò, ìyẹn kì í ṣe làkúrègbé arúgbó, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Lẹ́yìn èyí ni mo máa ń béèrè nípa irun tó ń já, ibà tí kò dáwọ́ dúró, àyà tó ń dùn bó bá mí kanlẹ̀, oyún tó ti bàjẹ́, àti rírẹ̀ tí oorun kì í wò.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí tó ń dá dúró jẹ́ lupus, ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín sì ti le jù. Bí ẹ bá ka àmì mẹ́wàá fún ìjọ, ìdajì wọn yóò lọ sílé pẹ̀lú ìpayà, nítorí irun ń já lórí ọ̀pọ̀ wọn, ó sì ń rẹ gbogbo wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi kọ́ wọn ni àpapọ̀: ibà tí a ti tọ́jú ní maléríà àti táífọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù díẹ̀ tí kò lọ, tí ìka ọwọ́ sì ń le láàárọ̀, tí ojú tàbí irun sì ti yí padà. Ẹni tó bá ní irú àpapọ̀ yìí kò gbọ́dọ̀ ra oògùn ibà ẹ̀kẹrin. Kí ó lọ sọ fún dókítà pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kì í ṣe lupus?" Kí wọ́n má sì sáré lọ ṣe ANA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a fi ń wá àmì pé ara ń bá ara rẹ̀ jà, fúnra wọn ní láàbù ìgboro, nítorí bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń jáde lára fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹni tó ní lupus, ó máa ń jáde lára àwọn tí nǹkan kan kò ṣe pẹ̀lú. Dókítà ló gbọ́dọ̀ fi ìtàn àti ara aláìsàn túmọ̀ rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni àwọn ènìyàn yóò rántí lẹ́yìn ìpàdé náà, mo fẹ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtọ̀. Lupus máa ń dé kíndìnrín tó ìdajì àwọn tó ní in, kíndìnrín kì í sì í ké. Kì í dun ènìyàn. Ìtọ̀ yóò máa hó bí ọṣẹ nínú ike, ojú yóò wú láàárọ̀, bàtà kò ní wọ ẹsẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́, ẹ̀jẹ̀ yóò ru. Nígbà tí ara bá fi máa mọ̀ ọ́n lára, ó lè ti pẹ́ jù. Ìlà bébà kékeré tí wọ́n ń rì bọ inú ìtọ̀, tó ń yí àwọ̀ padà bí èròjà ara tí kò yẹ kó jáde bá ń jáde, wà ní fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba, kò sì wọ́n bí àwọn àyẹ̀wò yòókù. Òun àti ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ti gba ọ̀pọ̀ kíndìnrín là. Àbúrò yín náà gbọ́dọ̀ máa ṣe méjèèjì nígbà gbogbo, kódà nígbà tí ara rẹ̀ bá le.

Nípa oògùn, èyí tí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn ń lò ni hydroxychloroquine. Àwọn tó ti tó ogójì ọdún yóò rántí kílórókúìn, bó ṣe ń yún wa lára tí a fi ń fi ẹ̀yìn ha ògiri, kí Nàìjíríà tó fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀ fún ibà ní 2005. Àbúrò rẹ̀ ni hydroxychloroquine jẹ́. Ẹ sọ èyí fún wọn, nítorí ìgbà tí àna tàbí ọkọ bá rí oògùn tó jọ oògùn ibà lọ́wọ́ aláìsàn, wọn á ní dókítà kò mọ ohun tó ń ṣe. Kò sí fún ibà níhìn-ín. Ó ń tu àwọn ọlọ́dẹ náà lójú, ó ń dín ìgbà tí àìsàn ń ru sókè kù, ó sì máa ń tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí ènìyàn tó mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Dókítà ojú gbọ́dọ̀ wo ẹni tó ń lò ó bó bá ń bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ẹ rántí oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí ìròyìn kọ́rónà mú kí àwọn ènìyàn máa wá kílórókúìn kiri, tí àwọn kan lò ó ní àlòjù ní Èkó tí wọ́n fi dèrò ilé ìwòsàn, tí ìjọba sì ní láti kìlọ̀. Kì í ṣe níhìn-ín nìkan. Káàkiri ayé ni àwọn tó ní lupus ti ń wá oògùn wọn tì ní àsìkò náà.

Prednisolone ni oògùn kejì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì gba ìfarabalẹ̀. Ó ń mú kí ojú kún róbótó, àwọn ènìyàn á sì máa kí aláìsàn pé ara rẹ̀ ti dá, ó ti sanra. Lẹ́yìn ìsọjí tàbí ìtúsílẹ̀, yóò gbà pé òun ti gba ìwòsàn, yóò sì da oògùn nù. Ara tó ti ń gba prednisolone lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ti ṣíwọ́ láti máa pèsè irú èròjà bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí a bá dá a dúró lójijì, ìfúnpá lè já wálẹ̀, ènìyàn sì lè kú. Mo ti bá pásítọ̀ àti àáfà púpọ̀ sọ èyí, n kò sì tíì rí èyí tó bínú. Ẹ má ní kí wọ́n má gbàdúrà. Ẹ ní kí wọ́n fi gbólóhùn kan kún àdúrà náà: "Má ṣe dá oògùn rẹ dúró, àyàfi bí dókítà bá ní kí o dín in kù." Ẹ sọ irú rẹ̀ fún àwọn alágbo pẹ̀lú. Àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti oògùn ara ríro bíi diclofenac lè ba kíndìnrín tí lupus ti ń bá jà jẹ́ pátápátá.

Wọn yóò béèrè bóyá ó jẹ́ àrùn ìdílé, ìbéèrè yẹn kò sì mọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kí a tó fi ọmọ fọ́kọ nílẹ̀ wa, a máa ń wádìí ẹ̀tẹ̀, wèrè àti wárápá. Ẹ̀rù pé wọn yóò fi lupus kún un ló ń mú kí ìdílé máa fi aláìsàn pamọ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ohun kan wà nínú ìran tó ń múni sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò tó láti dá a sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìbejì ló máa ń jẹ́ kó yé wa jù: bí ọ̀kan nínú ìbejì tó jọra bí imú ṣe jọ imú bá ní lupus, lọ́pọ̀ ìgbà èkejì kì í ní in. Ní ti ọmọ bíbí, obìnrin tó ní lupus lè bímọ, bí àìsàn náà bá ti rọlẹ̀ fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán kó tó lóyún, tí dókítà sì mọ̀ ṣáájú. Àwọn kan lára wọn ní èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ibi ọmọ, oyún wọn sì máa ń bàjẹ́ léraléra. A ti pe irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní ìyá àbíkú, nígbà tó jẹ́ pé aspirin díẹ̀ àti abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lè ràn án lọ́wọ́.

Àwọn wo ni ẹ ó wá bá sọ̀rọ̀? Ọjọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún ni ọjọ́ lupus lágbàáyé láti 2004, elésè àlùkò sì ni àwọ̀ rẹ̀, nítorí náà mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ yín ti ń ronú aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Bí owó bá wà, agboòrùn ni kí ẹ fi rà. Oòrùn ni ọ̀tá àwọn tó ní lupus, ìyá ọlọ́jà tó bá sì gbé agboòrùn aláwọ̀ àlùkò kiri yóò dáhùn ìbéèrè lójoojúmọ́ títí di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn kan yóò ní kí ẹ ṣe é bí wọ́n ti ṣe ti àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, tí ìjọ fi ń béèrè èsì jíìnì kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀. Kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí lupus kò ní àyẹ̀wò kan ṣoṣo tó ń sọ ọ́ ṣáájú. Ojú tó mọ̀ ọ́n ni a nílò. Nítorí èyí, kí ẹ tó pe ìjọ jọ, mo fẹ́ kí ẹ lọ bá àwọn onídìrí ìlú yín, bí wọn kò tilẹ̀ ju méjìlá lọ. Àwọn ló ń la irun obìnrin ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Wọ́n máa ń rí ibi tó ti pá àti egbò róbótó tó wà ní àárín orí kí ẹni tó ni orí tó mọ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn oníkẹ́míìsì, tí wọ́n ń ta oògùn ibà ẹ̀kẹrin yẹn. Ẹ kọ orúkọ ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ òyìnbó tó wà ní Ṣàgámù fún wọn, àti UCH ní Ìbàdàn, kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n lè darí ènìyàn sí bí dókítà ìtòsí bá ní ó kọjá agbára òun.

Ní ti alága yín tó ní kí ẹ mú àbúrò yín jáde, n kò fara mọ́ ọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ìlú sì kéré. Ojú tí ìjọ bá ti rí lórí pẹpẹ, wọn yóò máa wò ó lọ́jà, wọn yóò máa wò ó níbi ìgbéyàwó, ọjọ́ tí àìsàn náà bá sì tún ru, wọn yóò ní àdúrà àwọn kò gbà tàbí pé ó ti dẹ́ṣẹ̀. Ẹ bi í léèrè nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì bá dá wà, kí ìyá yín má sí níbẹ̀. Bó bá ní rárá, ẹ má bi í lẹ́ẹ̀kejì; ẹ̀yin tí ẹ gbé e kiri fún ọdún mẹ́ta ní ìtàn tó tó láti sọ. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kó jókòó sọ̀rọ̀, ní ibi tí oòrùn ojú fèrèsé kò ti ní bá a.

Ṣùgbọ́n ìyàwó bàbá yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, kí oṣù Karùn-ún tó dé, kí ẹ sì mú ìyá yín dání. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ tàbí àlàyé ẹni tó sọ kí ni. Ẹ sọ ìtàn ọlọ́dẹ náà fún àwọn méjèèjì, láti ìgbà tó fọn fèrè dé ìgbà tó lu onílé, kí ẹ sì dákẹ́ kí ìyá yín lè rí àyè sọ̀rọ̀.